Dá a Padà, San Án Padà, Mú un Bọ̀ Sípò: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan àti Orírun Rẹ̀

Ìfáárà

Inú kíláàsì ìtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìròyìn olójú-ìwé kan tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ẹni tí yóò kà á lórí rédíò. Ìròyìn náà dá lórí àwọn ère idẹ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ìbíní ní ọdún 1897. Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nínú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ náà ni restitution. Nígbà tí a gba iṣẹ́ wọn, a rí ìdápadà, a rí àsanpadà, a rí owó gbà-má-bìínú, a sì rí ìmúpadàbọ̀sípò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ kọ ìtanràn. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹnì kankan nínú wọn ṣì í pátápátá.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wo orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí a sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń fi rọ́pò rẹ̀ wò, kí a lè mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ àti ohun tí ó ń pa mọ́. Èrò wa ni pé èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìdápadà, kò lágbára tó láti gbé ẹrù náà. Níbi tí ó ti kùnà ni irọ́ sì ti ń ráyè wọ inú ìròyìn, bí ẹni tí ó ń kà á kò tilẹ̀ gbèrò láti purọ́.

Orírun ọ̀rọ̀ náà

Inú èdè Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i, èdè Faransé sì ni ó bá a gbé e wọlé ní nǹkan bíi 700 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì náà ni restituere. Ọ̀nà méjì ni a lè pín in sí: re-, tí ó ń tọ́ka sí ìpadàsẹ́yìn tàbí sí ṣíṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan sí i, àti statuere, tí ó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan nàró kí ó dúró. Stare, ìyẹn ‘dúró’, ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Agbo ilé kan náà ni statua ti jáde wá, tí í ṣe ère tí a gbé nàró. Ibẹ̀ náà sì ni status ti wá, ìyẹn ipò tí ènìyàn tàbí nǹkan wà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè àwọn ère lónìí àti ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ́ ère nínú Látìnì, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Kò sí olè nínú ìtumọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Lára ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Pantheon ní ìlú Róòmù, àkọlé kan wà tí ó jẹ́ ti ọdún 202, tí ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ròyìn bí ọba Septimius Severus àti ọmọ rẹ̀ ṣe tún ilé náà ṣe nígbà tí ó gbó. Ẹnikẹ́ni kò jí ilé òrìṣà náà gbé, wọn kò sì dá ohun kan padà fún ẹnì kan. Ohun tí ó ń ṣubú lọ ni wọ́n gbé ró.

Àwọn amòfin Róòmù ni wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ náà wọ ilé ẹjọ́. Nínú àkójọ òfin tí Justinian gbé jáde ní ọdún 533, apá kan wà tí ó dá lórí restitutio in integrum. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí adájọ́ mú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tàbí ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà gba ohun ìní rẹ̀, tàbí ọmọdé tí wọ́n lo àìgbọ́n rẹ̀, bọ̀ sí ipò tí ó wà kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ènìyàn ni wọ́n ń mú bọ̀ sípò níhìn-ín. Nǹkan ìní lè jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ ni òfin náà kọjú sí.

Bí a bá ní kí a tẹ̀lé Látìnì náà ní oréfèé, ẹ̀rín ni yóò pa wá. ‘Mú dúró’ tàbí ‘dá dúró’ ni yóò bọ́ sí wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bá dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nínú Yorùbá ti òde òní, ipò rẹ̀ gan-an ni ó pàdánù.

Ìdápadà

Ìdápadà ni ó yá sí ahọ́n jù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe dá, àti padà ni ó para pọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí. Padà ni ó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ró, ìrìn sì ni padà. Ohun tí ó bá lọ ni ó lè padà. Bí mo bá ra ṣòkòtò lọ́jà tí kò bá mi mu, mo lè dá a padà. Bí mo bá yá àdá aládùúgbò mi, n ó dá a padà nígbà tí mo bá ro oko tán. Bí olè bá jí ewúrẹ́ gbé tí ọkàn rẹ̀ sì dá a lẹ́bi, òun náà lè dá a padà. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò sọ ẹni tí í ṣe.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú wọn, ó sì dá wọn padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1950. Òmíràn tí ẹlòmíràn rà dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ohun tí Bascom ṣe bá dá padà mu láìkù síbì kan. Ó rà á, ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀. Bí a bá wá lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún ohun tí a fi ìbọn kó láàfin ọba tí a sì jó ìlú rẹ̀, a ti fi ẹni tí ó rà àti ẹni tí ó kógun jalè jókòó sórí ẹní kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù ni ti ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 2022, ìjọba Jámánì àti ti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Berlin lórí àwọn ohun Ìbíní. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Berlin kọ̀wé pé nǹkan 512 tí ó wà lọ́wọ́ wọn ti di ti Nàìjíríà. Àdéhùn náà sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn yóò ṣì wà ní Berlin fún 10 ọdún ná, gẹ́gẹ́ bí ohun tí Nàìjíríà yá wọn. Ère tí kò kúrò lórí ìdúró rẹ̀ di tiwa lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀ ní Gánà. Ní ọdún 2024, nǹkan 32 tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Àṣáǹtì dé ìlú Kùmásì láti British Museum àti Victoria and Albert Museum, wọ́n sì pàtẹ wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia. Ogun ni Gẹ̀ẹ́sì fi kó púpọ̀ nínú wọn, pàápàá ogun ọdún 1874. Ọdún mẹ́ta ni Lọ́ńdọ̀nù fi yá wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi ọdún kún un. Òfin ọdún 1963 ni British Museum máa ń tọ́ka sí pé ó de òun lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí rìn, wọ́n dé, àwọn ọmọ Àṣáǹtì fojú rí wọn, síbẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, ààfin kan náà gba nǹkan méje lọ́wọ́ Fowler Museum ti Los Angeles ní Amẹ́ríkà, àwọn yẹn kò sì sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn yóò béèrè wọn.

Bí olùròyìn bá sọ nípa ti Berlin pé ‘wọ́n ti dá ère 512 padà’, ẹni tí ó ń gbọ́ rédíò lóko yóò gbà pé ère 512 ti gúnlẹ̀. Bí ó bá sọ nípa ti Kùmásì pé ‘wọ́n ti dá ohun 32 padà’, olùgbọ́ yóò gbà pé ọ̀ràn ti parí, kò ní mọ̀ pé ẹni tí ó jí i ni ó yá olóhun ní ohun ìní rẹ̀. Ti Los Angeles nìkan ni gbólóhùn náà bá mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan, òótọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Àwọn àgbà a máa béèrè pé ẹni tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ó jọ pé wọn kò ronú kan ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí a kì í ti í fọn kàkàkí rárá, tí a kàn ń gbé e sínú gíláàsì kí ayé wá wò ó.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Fún ti Berlin, a ní jọ̀wọ́: wọ́n jọ̀wọ́ wọn fún olóhun, bí wọn kò tilẹ̀ tíì gbé gbogbo wọn bọ̀. Fún ti Kùmásì, a ní yá, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níwájú olùtumọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, òun náà a sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá dáhùn.

Àsanpadà àti gbà-má-bìínú

San ní tirẹ̀, gbèsè ni ó ń wò. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì lò ó fún òfin olè nínú Ẹ́kísódù orí 22, níbi tí ẹni tí ó jí màlúù tí ó sì pa á tàbí tí ó tà á yóò ti fi màlúù márùn-ún dípò, tí ti àgùntàn jẹ́ mẹ́rin, tí ó sì jẹ́ méjì bí a bá bá ẹran náà láàyè lọ́wọ́ olè. Wọ́n lò ó fún Sákéù náà, tí ó ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin. Ó bá ibẹ̀ mu, nítorí pé iye ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tí òfin náà lò bá shalom tan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a mú ohun tí ó dín pé. Àlàáfíà ni Bíbélì Yorùbá fi túmọ̀ shalom, ọ̀rọ̀ tí ó ti èdè Lárúbáwá wá. Nípa báyìí ìbátan tí ó wà láàárín sísan àti àlàáfíà pòórá nínú èdè wa. Kò sí ẹ̀bi olùtumọ̀ níbẹ̀. A ti gbọ́ oníwàásù kan tí ó gbìyànjú láti dá ìbátan náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ó ní ẹni tí ó bá san gbèsè ni ara rẹ̀ ń sàn. Ìwàásù náà dùn mọ́ ìjọ nínú, ṣùgbọ́n ohùn àárín kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni san àti sàn, wọn kò sì mọ ara wọn rí.

Níbi tí san ti ń ṣìnà ni pé ó gbà pé ohun gbogbo ní iye, àti pé ẹni tí a jẹ ní gbèsè ti hàn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1833, wọ́n san ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún. Ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Sísan ni wọ́n san lóòótọ́. Ó wá yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi tún gbérí ní ọdún 1992, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá jẹ́ alága rẹ̀, tí wọ́n sì pe àpérò ní Àbújá ní oṣù kẹrin ọdún 1993, láti béèrè ohun tí ó tọ́ sí àwọn tí a kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn.

Owó gbà-má-bìínú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀. A kò fẹ́ràn orúkọ náà. Ẹ tú u palẹ̀: ‘gbà’, ‘má bìínú’. Àṣẹ méjì ni, ẹni tí a ṣẹ̀ sì ni a ń pa méjèèjì fún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá, kò jẹ́wọ́, kò ṣèlérí, kò ṣe ju pé ó na owó síni. Ìtanràn tilẹ̀ tún jìnnà jù ú lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọba tàbí ìjọba ni ó ń lọ, ẹni tí a jà lólè lè máà fojú kàn án.

Ohun kan fi hàn pé àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ san àti dá padà dáadáa. Bí ìyàwó bá kọ ọkọ lọ́nà ti ìbílẹ̀, a kì í sọ pé wọ́n san owó ìdána fún ọkọ. Wọ́n dá a padà ni. Owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbèsè. Okùn kan ni wọ́n ń tú. Níbi ìgbéyàwó ayé òde òní pẹ̀lú, àwọn ẹbí ìyàwó mìíràn a máa dá owó orí padà fún àwọn òbí ọkọ lójú agbo, pé àwọn kò ta ọmọ. Níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń so. Dá padà kan náà ni.

Sípò

Ó ku ìmúpadàbọ̀sípò, ọ̀rọ̀ onísílébù méje tí àwọn oníròyìn ń sá fún. Òun nìkan ni ó ní ipò nínú, òun ni ó sì súnmọ́ gbòǹgbò Látìnì náà jù, bí kò tilẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Ó ń béèrè ohun tí padà nìkan kò béèrè: níbo ni nǹkan náà wà tẹ́lẹ̀, ta ni ó wà níbẹ̀, ṣé ibẹ̀ ṣì wà?

Àjàyí Crowther, tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1846 ó fojú kan ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni wọ́n ti pàdé, kì í ṣe Òṣoogùn. Ogun ti pa Òṣoogùn run. Ènìyàn padà, ipò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ti Ìbíní yàtọ̀. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá ní 1897, ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1914. Ọdún 1914 yẹn náà ni wọ́n fi ọmọ rẹ̀ jọba, tí ó ń jẹ́ Eweka Kejì. Ipò bọ̀, ẹni tí wọ́n lé kúrò nípò kò bọ̀.

Orí àwọn pẹpẹ tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọba tí ó ti wàjà ni púpọ̀ nínú àwọn orí idẹ Ìbíní dúró sí, tí a fi eyín erin gbígbẹ́ lé wọn lórí. Ìyẹn ni ipò wọn. Nítorí náà, ìdápadà parí nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀, ṣùgbọ́n ìmúpadàbọ̀sípò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Bùhárí pàṣẹ pé Ọba Ìbíní ni ó ni àwọn ohun tí wọ́n bá kó bọ̀. Kíá ni àwọn kan ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìjọba Nàìjíríà ni àwọn bá ṣàdéhùn. Àríyànjiyàn lórí ipò ni, kì í ṣe lórí padà.

Àwọn ìjọ tí ó ń tẹnu mọ́ ìwà mímọ́ láàárín wa ti yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tiwọn, wọ́n yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò: ‘mo lọ ṣe rẹsitíṣọ̀n’. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láìsanwó a lọ san án, a jẹ́wọ́, a tọrọ àforíjì. Àwọn onímọ̀ èdè lè yínmú sí àyálò náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ ti kíyè sí i pé dá padà kò ní ìjẹ́wọ́ nínú, san kò sì ní í.

Ìtàn tiwa kan wà tí kò lo ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Òrìṣàálá lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó rí ẹṣin ọba tí ó sọnù lójú ọ̀nà, ó mú un dání, àwọn ìránṣẹ́ sì pè é lólè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. Òjò kò rọ̀, obìnrin kò bímọ. Nígbà tí Ifá tú àṣírí, Ṣàngó ní kí gbogbo ìlú wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọnmi wá ní ìdákẹ́ rọ́rọ́, kí wọ́n wẹ arúgbó náà, kí wọ́n sì sìn ín lọ sílé pẹ̀lú ọlá. Àwọn ọmọlẹ́yìn òrìṣà ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ṣì ń pọn omi náà lọ́dọọdún. Ọdún méje kò ṣeé dá padà, wọn kò sì sọ pé àwọn san án. Ṣàngó kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n bà jẹ́ lójú gbogbo ìlú, ojú gbogbo ìlú ni wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí a bá ń wá ohun tí ó bá ti Róòmù dọ́gba nínú àṣà wa, ìtàn yìí súnmọ́ ọn ju ọ̀rọ̀-orúkọ èyíkéyìí tí a lè ṣẹ̀dá lọ.

Nígbà tí a padà sí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a jọ tún un ṣe. Ní àkọ́kọ́, níbi tí ìròyìn náà ti sọ̀rọ̀ ère tí ó ti balẹ̀ ní Nàìjíríà, a fi dá padà sílẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, níbi tí ó ti jẹ́ ìwé nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí, a kọ jọ̀wọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí ọ̀rọ̀ ti kan Ọba àti ààfin, a kọ ìmúpadàbọ̀sípò, gígùn tí ó gùn kò dí wa lọ́wọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, níbi tí akọ̀ròyìn kàn ti lo ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, gbólóhùn ni a kọ: kí ohun tí wọ́n kó padà di ti ẹni tí wọ́n kó o lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ pé kíkó ni wọ́n kó o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìtanràn béèrè bóyá rédíò yóò fún un láyè láti ka gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀. A ní kí ó kà á sókè kí a wo aago. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò pé tí ó fi kà á tán.